Ọwọ́ Ẹni Ló Yẹ Kó Ṣe Ilé Ẹni Lọ́ṣọ̀ọ́

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ẹdẹ bá kun ilé tán, ọjà ni wọ́n ń sáré lọ láti ra kọ́tìnnì òkè òkun àti òdòdó oníke. Owó ńlá ló ń bá a lọ, kò sì pọn dandan. Òṣogbo tó múlé tì wọ́n ni Nike Davies-Okundaye dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ sí ní 1983, tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àdìrẹ. Iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe nínú àgbàlá ẹni, a sì lè fi aṣọ rẹ̀ rán kọ́tìnnì.

Ṣíìtì funfun tó ti gbó díẹ̀ ti tó, bó bá ṣáà ti jẹ́ òwú pọ́ńbélé. Pọliẹ́sítà kì í mu aró ẹlú. Ẹ fi ìko di òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ inú aṣọ náà, kó le dáadáa. Ibi tí ìko bá ti dì í pa, aró kì í débẹ̀, òrùka funfun ló sì máa ń yọ.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló gba sùúrù. Láfún ni wọ́n ń fi ro ẹ̀kọ rẹ̀, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n sì fi ń ya àwòrán. Bí aṣọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró ẹlú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni. Ohun tó wuni ni!

Ẹni tó bá lo aró òyìnbó tó ní sódà, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì lé ọmọdé jìnnà. Ẹ̀yin ará Ẹdẹ, ẹ fi fèrèsé kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ kí ọdún tó dé.