Ṣòkòtò Àgbàwọ̀ àti Rọ́kẹ́ẹ̀tì Antares

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu." Òwe yìí kò dá ẹni tó gba ṣòkòtò wọ̀ lẹ́bi, ohun tó ń tọ́ka sí ni pé ara ẹlòmíràn ni wọ́n wọ̀n nígbà tí wọ́n ń rán an, àti pé ibi tí kò ti ní bá ẹni tó gbà á mu kì í pẹ́ hàn. Ìtàn Antares, rọ́kẹ́ẹ̀tì alábọ́ọ́dé tí ilé-iṣẹ́ Orbital Sciences ní Amẹ́ríkà ṣe láti máa kó oúnjẹ àti irinṣẹ́ lọ fún àwọn tó ń gbé ní Ibùdó Òfurufú Àgbáyé, jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì fún òwe yìí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008 ni NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ òfurufú, gbé iṣẹ́ ẹrù kíkó náà fún Orbital ní bílíọ̀nù 1.9 dọ́là. Dípò kí ilé-iṣẹ́ náà rọ gbogbo ẹ̀yà rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ìlú Dnipro ní Yukréènì ni wọ́n ti ṣe ìpele àkọ́kọ́, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó gba kẹrosíìnì àti ọ́síjìn olómi dúró, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnì méjì tí wọ́n ń pè ní AJ26 sí i nídìí. Àwọn ará Sófíẹ̀tì ló ṣe ẹ́ńjìnì wọ̀nyí fún N1, rọ́kẹ́ẹ̀tì ràbàtà tí ìbá gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá. Nígbà tí wọ́n pa iṣẹ́ náà tì ní 1974, inú ilé ìkẹ́rùsí ni ẹ́ńjìnì náà wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Aerojet, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, tó rà wọ́n, tó sì tún wọn ṣe. Ẹ́ńjìnì tó lágbára ni, ìpinnu Orbital kò sì jẹ́ ìwà òmùgọ̀, àmọ́ fún ara mìíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é.

Antares kọ́kọ́ fò ní Wallops Island, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ìgbà mẹ́rin àkọ́kọ́ sì yọrí sí rere. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ tó gbéra tí ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀ fi bú gbàù, tí rọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹrù tó lé ní tọ́ọ̀nù méjì sì já wálẹ̀, tí iná jó o; kò sí ẹni tó fara pa. Àwọn olùṣèwádìí rí i pé inú pọ́ǹpù tó ń fi ipá ti ọ́síjìn olómi lọ sínú ẹ́ńjìnì ni iná ti ṣẹ́, níbi tí ẹ̀yà tó ń yí ti ń ha ẹ̀yà tó dúró gbọin, nítorí pé níbi tí ọ́síjìn bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, irin pàápàá a máa jó. NASA kò lè mú ìdí kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n wọ́n rí àbùkù lára ibi tí bíárìn pọ́ǹpù náà jókòó sí, irú àbùkù yìí sì wà nínú ẹ́ńjìnì mìíràn tó bàjẹ́ nígbà ìdánwò ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà.

Ẹ́ńjìnì RD-181, tí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, Antares sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016. Ìgbà 13 ló fò láìsí ìjàǹbá. Bí òwe ti sọ̀rọ̀ nípa fífún, bẹ́ẹ̀ ló sọ̀rọ̀ nípa ṣíṣo: nígbà tí ogun bẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2022, orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ara rọ́kẹ́ẹ̀tì náà àti èyí tó ń ṣe ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni wọ́n jọ wà lójú ìjà. Ohun tó wà nílẹ̀ tó fún ìrìnàjò méjì péré, ó sì parí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023.

Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2024, orí Falcon 9 ni Cygnus, ọkọ̀ ẹrù tí Antares máa ń gbé, gùn lọ. SpaceX ló ni Falcon 9. Òun àti Orbital ni NASA jọ gbé iṣẹ́ fún ní 2008, àmọ́ ilé ara rẹ̀ ni ó ti ń ṣe ẹ́ńjìnì tirẹ̀. Northrop Grumman, tó ra ilé-iṣẹ́ Antares ní 2018, ti gbé ìpele àkọ́kọ́ tuntun fún Firefly ní ìpínlẹ̀ Texas láti ṣe, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì méje tí wọ́n ń pè ní Miranda. Ọwọ́ ẹlòmíràn náà ni, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ̀n Antares wà lára ohun tí wọ́n ń wò bí wọ́n ti ń ṣe é.