Ọwọ́ Ló Ń Gbá A, Kì Í Ṣe Báàtì

Nígbàkúùgbà tí ìdíje láàárín àwọn ẹ̀ka bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lórí WhatsApp wa: ẹ jẹ́ ká dáwó ra báàtì gidi kan fún àwọn tó máa gbá tẹníìsì orí tábìlì fún wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pè ní báàtì gidi ni èyí tó wọ́n jù, tó lágbára jù, irú èyí tí wọ́n rò pé Aruna Quadri ń lò. Èmi kò fara mọ́ ọn. Báàtì tó lágbára jù máa ń ba eré ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó o jẹ́ ni. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́, mi ò sọ pé báàtì kò já mọ́ nǹkan kan. Ní 1952, nílùú Bombay, Hiroji Satoh ará Japan gbé báàtì tí wọ́n lẹ fóòmù tó nípọn mọ́ wá síbi ìdíje àgbáyé, òun ló sì gba ipò kìíní. Àwọn tó ń bá a gbá kò mọ ohun tí bọ́ọ̀lù náà fẹ́ ṣe, wọn ò tilẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀ dáadáa. Báàtì lè yí eré padà. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ ká fara balẹ̀ yàn án.

Igi àti rọ́bà ni báàtì. Òfin ní igi gidi gbọ́dọ̀ kó ó kéré tán ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún bí abẹ́ rọ́bà ṣe nípọn tó, ìyókù lè jẹ́ nǹkan bíi kábọ́ọ̀nù. Igi lásán tó rọ̀ díẹ̀ máa ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ra díẹ̀ kó tó jù ú sílẹ̀, ẹni tó gbá a á sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Èyí tó ní kábọ́ọ̀nù nínú máa ń le, bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lára rẹ̀ rárá. Fóòmù tó wà lábẹ́ rọ́bà náà ní tirẹ̀: bó bá ṣe nípọn tó ni bọ́ọ̀lù ṣe máa ta tó. Rọ́bà àti fóòmù pa pọ̀ kò gbọdọ̀ ju mílímítà 4 lọ.

Ẹ wá wo ibi tí púpọ̀ nínú wa ti kọ́ eré yìí. Ní àwọn àdúgbò kan ní Mushin àti Sùúrùlérè, tábìlì onípákó ni, wọ́n á gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú àárín dípò nẹ́ẹ̀tì, báàtì náà á sì jẹ́ pákó tí wọ́n gé, tí kò ní rọ́bà kankan. Pákó lásán kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù pòòyì, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó fi í kọ́ṣẹ́ máa ń gbá gbalaja, á sì máa fi agbára gbá a. Ọ̀rẹ́ mi kan nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi báàtì oníkábọ́ọ̀nù ránṣẹ́ sí i láti London. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá gbá ló ń fò kọjá tábìlì, àwọn tó ti ń nà tẹ́lẹ̀ wá ń nà án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tì í bọ inú àpò, ó mú ti tẹ́lẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í nà wá.

Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní Ìkòyí àti Ìkẹjà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọ̀pá gọ́ọ̀fù ní bó ṣe ń tẹ̀ sí, wọ́n sì máa ń kọ lẹ́tà sí i lára: R fún èyí tó ń tẹ̀ níwọ̀nba, S fún èyí tó le. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ wo bí ọwọ́ oníbàárà ṣe ń yára tó kó tó sọ èyí tó yẹ ẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yára tó sì ra ọ̀pá tó le, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í sábà lọ jìnnà. Owó tabua ni wọ́n ń ná, síbẹ̀ wọ́n ń wo ọwọ́ ná. Kí ló dé tí àwa tí owó wa kò tó nǹkan kì í wò ó?

Ẹ ó ní Aruna ńkọ́? Ní Rio ní 2016, ó na Timo Boll ará Jámánì, ó sì wọ àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ti wà kí báàtì tó dé. Kì í sì í ṣe gbogbo akọni ló ń gbá a bíi tirẹ̀. Joo Se-hyuk ará Korea fi gígé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn tábìlì ṣe ipò kejì lágbàáyé ní 2003. Báàtì tó yẹ ọwọ́ ẹni tó ń gé bọ́ọ̀lù kò lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ẹni tó ń fi agbára gbá a.

Àwa tá à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ẹ tẹ́tí sí àwọn òǹwòran. “Ọwọ́ ẹ̀ yá.” “Ọwọ́ ẹ̀ rọ̀.” Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan yin báàtì.

Ohun tó dùn mí jù ni àwọn tí a kò rà fún. Ọmọbìnrin kan ní 200 level sọ fún mi pé òun ò mọ̀ ọ́n gbá, pé òun ò ní wá mọ́. Mo gba báàtì ọwọ́ rẹ̀, mo fi bọ́ọ̀lù wọ́ ojú rọ́bà náà, ńṣe ló ń yọ̀ bí ẹni pé orí àwo ni mo fi í sí. Rọ́bà náà ti kú. Kò sí ẹni tó lè fi í mú bọ́ọ̀lù pòòyì. Mo yá a ní tèmi, kò sì pẹ́ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ fi ń bọ́ sórí tábìlì.

Nítorí náà, àbá tèmi rèé. Kí a má fi owó ìdíje ra báàtì olówó ńlá kan ṣoṣo fún ẹnì kan. Kí a fi ra mélòó kan tó jẹ́ igi lásán, tí rọ́bà rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù dáadáa, tí fóòmù rẹ̀ kò sì ju mílímítà 1.8 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀, kí ó yá ti ẹlòmíràn wò kó tó náwó. Kí ẹnì kan máa ju àádọ́ta bọ́ọ̀lù sí i, kó fi báàtì méjèèjì gbá a, kó sì ka iye tó bọ́ sórí tábìlì. Bí tuntun bá dín sí ti àtijọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó o. Kó padà sẹ́nu ìdánrawò, báàtì yẹn á ṣì wà lọ́jà.