86,400 Kì í Ṣe Ọjọ́ Kan

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù: pé ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó wà láàárín déètì méjì, kó yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì, kó fi 86,400 pín ohun tó kù, ó bùṣe. Ohun tí wọ́n gùn lé ni pé kọ̀ǹpútà ń ka ìṣẹ́jú-àáyá bọ̀ láti ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1970, wákàtí 24 sì ní ìṣẹ́jú-àáyá 86,400. Ìyẹn kò purọ́. Irọ́ ibẹ̀ ni pé gbogbo ọjọ́ ló ní wákàtí 24.

Ní London, wákàtí 23 péré ni ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, ọdún 2024 ní, nítorí pé aago kan òru ni wọ́n sún aago síwájú di aago méjì. Ká ní àlejò dé sí òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ ní ọjọ́ 30, tó sì kúrò ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin. Òru mẹ́ta ló sùn. Tí kóòdù bá yọ ọ̀gànjọ́ òru àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìgbẹ̀yìn, 255,600 ló máa kù. Fi 86,400 pín in, ó di 2.958. Kóòdù gé ìdá tó kù sọnù, ó ní òru méjì. Owó òru kan wọmi nìyẹn. Ẹni tó jókòó sí Èkó kọ irú kóòdù yìí lè máa dán an wò títí láìrí àléébù kankan, torí pé aago Nàìjíríà kì í yí padà láti ọdún dé ọdún.

Àwọn tó ń gbèjà ìṣirò náà á ní kí wọ́n má gé e, kí wọ́n sún un sí odidi nọ́ńbà tó súnmọ́ ọn jù, kí 2.958 di 3. Àbùlẹ̀ lásán ni. Samoa fo ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 2011 pátápátá, tó fi jẹ́ pé wákàtí 24 péré ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 29 dé ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 31. Ìpín mú 1 wá, kàlẹ́ńdà ní 2. Kí ni wọ́n fẹ́ sún níbẹ̀?

Ti ọjọ́ orí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, ọdún 2004 pé ọdún 18 ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, ọdún 2022. Ọjọ́ 6,574 ló wà láàárín méjèèjì. Fi 365.25 pín in, 17.9986 ni. Ẹni tí òfin Nàìjíríà ti gbà pé ó tó ìbò dì, kóòdù ní ọmọ ọdún 17 ni.

Oṣù kò tilẹ̀ ṣeé fi nọ́ńbà kan pín rárá. Nínú Java, oṣù kan lé ọjọ́ 31, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2023 jẹ́ ọjọ́ 28, oṣù Kejì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi Java yìí kan náà pé oṣù mélòó ló wà láàárín déètì méjèèjì, òdo ni yóò sọ.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà, láìda aago pọ̀ mọ́ ọn. Bí ọjọ́ 1, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1970 bá jẹ́ òdo, ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2024 jẹ́ 19,812, ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin sì jẹ́ 19,815. Yọ ọ́, 3 ló kù, ní London àti ní Èkó. Láti ọdún 2014 tí Java 8 ti jáde ni LocalDate àti ChronoUnit.DAYS.between ti wà fún iṣẹ́ yìí. Date ti Python náà ń ṣe é. Fún ọjọ́ orí, Period.between ti Java ni kí wọ́n lò, torí pé ọdún, oṣù àti ọjọ́ ló ń fi wéra, kì í pín iye ọjọ́.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí kò sí nínú gbogbo ìyẹn: ṣé wọ́n ń ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn? Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹjọ ni àwọn àgbà ka ìyẹn sí, 7 sì ni kóòdù máa mú wá. Kò sí èyí tó ṣì í kà. Òṣìṣẹ́ tó gba ìsinmi láti ọjọ́ 1 dé ọjọ́ 5 ti lo ọjọ́ márùn-ún, ìyọkúrò sì ní 4; kóòdù tó ń ṣírò irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 1 kún un.