Ẹ̀bi Ta Ni? Ọ̀ràn Ọmọ Bouaké àti Ìdánwò Ìwé Mẹ́fà

Ó ti di àṣà àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ pé bí èsì ìdánwò bá jáde tí kò dára, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni wọ́n ti ń wá ẹ̀bi. Wọn a ka iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, wọn a ka ẹ̀yà tí wọ́n ti wá àti èdè tí àwọn òbí wọn ń sọ, wọn a sì fi èyí wé máàkì tí wọ́n gbà. Bí méjèèjì bá ti jọ ara wọn, ọ̀rọ̀ parí lójú wọn. Àìgbọ́ Ifá ni wọ́n ń wòkè. Ifá kan kò sí ní párá.

Kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ọ̀ràn yìí wo ìlú Bouaké, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ilẹ̀ àwọn Baoulé ni, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ àti ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Abidjan wá ti kó onírúurú ènìyàn jọ síbẹ̀. Sénoufo àti Malinké láti ìhà àríwá wà níbẹ̀. Àwọn ará Mali àti Burkina Faso wà níbẹ̀. Àwọn Yorùbá oníṣòwò pẹ̀lú kò gbẹ́yìn, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Ẹjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ náà. Èdè Dioula ni tẹrú-tọmọ fi ń ná ọjà. Bí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bá ń pe orúkọ ní òwúrọ̀, Kouassi yóò dáhùn, Coulibaly yóò dáhùn, Ouédraogo yóò dáhùn, Àdìó náà yóò sì dáhùn.

Lẹ́yìn orúkọ pípè ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti wọ kíláàsì kìíní, Faransé ni olùkọ́ ń fọ̀, Faransé ni ó wà lára pátákó, Faransé ni wọ́n sì fi ń ṣe ìdánwò CEPE ní òpin ọdún kẹfà. Lóòótọ́, Faransé ti wọ ilé àwọn kan nínú ìlú. Ṣùgbọ́n ti ọ̀pọ̀ ọmọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó mọ ṣẹ́ńjì í kà ní ìdí igbá ìyá rẹ̀ a wá di odi níwájú pátákó. Òpè kọ́ ni. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n tì pa.

Èso rẹ̀ kò fara sin. Ní 2019, ètò PASEC dán àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wò ní àwọn ilẹ̀ tí ń fi Faransé kọ́ni. Ní gbogbo Côte d'Ivoire, nǹkan bí mẹ́fà nínú ọmọ mẹ́wàá tí ó ń parí ìwé mẹ́fà ni kò lè kàwé dé ìwọ̀n tí ó yẹ. Ní ti ìṣirò, wọ́n ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá. Ẹ̀yà wo ni ẹnikẹ́ni yóò di ẹrù yìí lé lórí?

Àwọn kan yóò ní ogun ni. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní September 2002 sọ Bouaké di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Olùkọ́ púpọ̀ sá lọ sí gúsù, àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ni ó sì di kíláàsì mú. Ìyà náà kò kéré. Ṣùgbọ́n èsì PASEC kì í ṣe ti Bouaké nìkan, ti gbogbo ilẹ̀ náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìsí irinṣẹ́. Bouaké yìí kan náà ni ìjọba fi ṣe ibùdó ẹ̀kọ́ orí tẹlifíṣọ̀n tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, tí ó sì kógbá sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ohun èlò yí padà. Èdè kò yí padà.

Kí ni èyí kan olùkọ́ Nàìjíríà? Ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Ní November 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ètò tí ó ti fọwọ́ sí ní 2022, pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ìwé mẹ́fà. Àwíjàre wọn ni pé níbi tí èdè abínibí ti gbilẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Ọmọ tí ó wọ ìwé kìíní ní 2022 kò tíì jáde ìwé mẹ́fà nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ yìí, kí á má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti WAEC. Lábẹ́ ètò ti 1977 tí ó ṣáájú rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó yẹ kí ó gba ipò láti kíláàsì kẹrin. Ọdún mẹ́sàn-án ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó jókòó ṣe WAEC. Bí ó bá wá kùnà, èdè wo ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè? Bí àtòkèèrè bọ̀ ni ó sì ń mú ọmọ mọ̀wé, ọmọ Bouaké ì bá ti gba adé.

Ẹ̀rí sì wà nílé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáradára ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kíláàsì tí èdè mẹ́rin tàbí márùn-ún ti pàdé ṣòro lóòótọ́, ní Bouaké àti ní Èkó. Ṣùgbọ́n ìṣòro yíyan èdè kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ gbọ́ kò tó ìdí láti mú èyí tí wọn kò gbọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá àgbà bá tún béèrè iye ọmọ, ẹ̀yà wọn àti máàkì wọn, kí olùkọ́ fa ìlà méjì sí i nínú ìwé rẹ̀: èdè tí ọmọ ń sọ nílé, àti èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà náà ni ẹ̀bi yóò mọ ilé olówó rẹ̀.