Ẹ Béèrè Ọ̀nà Kí Ẹ Tó Rú Ẹbọ



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ìyá rẹ̀ wá sílé mi ní Ìbòkun. Kí n tó tẹ́ ẹní, ọmọ náà ti na fóònù rẹ̀ sí mi. "Baba, ẹ wo ibi tí mò ń lọ." Ìlú etíkun kan ní Spéìn ni: ilé funfun, omi tó rẹ́ bí aró, àwọn òyìnbó arúgbó tí wọ́n nà gbalaja sínú oòrùn. Ìyá rẹ̀ ní kí n sáà sọ iye owó ẹbọ, pé ewúrẹ́ ti wà nílẹ̀.

Mo mọ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Etíkun Málaga kún fún àwọn ará Britain tí wọ́n fẹ̀yìntì, tí wọ́n sá fún òtútù ilé wọn. "Expatriate" ni wọ́n ń pe ara wọn. Bí ọmọ tiwa bá dé ibẹ̀, "migrant" ni wọn yóò pè é. Èdè ni mo fi ń jẹun, mo sì lè sọ fún yín pé àwọ̀ àti àpò ni ó pín ọ̀rọ̀ méjèèjì níyà. Síbẹ̀, láti ọdún 2021, àwọn ará Britain pàápàá gbọ́dọ̀ gba físà bí wọ́n bá fẹ́ lò ju 90 ọjọ́ lọ. Ọ̀kan nínú físà náà wà fún ẹni tó bá fi hàn pé owó tó lé ní 2,000 euro ń wọlé fún òun lóṣooṣù, tí kò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ gbọ́ o: tí kò ní ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ gan-an sì ni ọmọ tó jókòó níwájú mi fẹ́ lọ ṣe.

Mo bi í pé, "Ọ̀nà wo lo fẹ́ gbà?" Ó wolẹ̀. Agadez ni, ẹ̀yìn ìyẹn aṣálẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn Líbíà, ẹ̀yìn ìyẹn ọkọ̀ ojú omi.

N kò sọ pé kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà má rìnrìn àjò. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Òṣómàáló, tí àwọn baba rẹ̀ ru aṣọ kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n sì lóṣòó ti onígbèsè títí ó fi sanwó? Ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìbòkun jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, Ọbọ́kún ni orúkọ rẹ̀. Àwọn baba wa sọ pé nígbà tí ojú Odùduwà fọ́, Ifá ní omi òkun ni kí a fi wẹ̀ ẹ́, Ajíbógun ni ó sì lọ bù ú. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún tán kó tó dé. Ṣùgbọ́n ó dé. Ẹni tó dá Ifá náà mọ ibi tí ó rán an lọ, ó sì mọ ohun tí ó ní kó mú bọ̀.

Àwa ńkọ́? Lórí Facebook, awo ń fi físà oníbàárà ṣe ìpolówó bí ìgbà tí alágbo ń polówó agbo. Lọ́dún 2016 nìkan, àwọn tó lé ní 5,000 ni wọ́n kú tàbí tí wọ́n sọnù sínú Òkun Mẹditaréníà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gúnlẹ̀ sí Ítálì lọ́dún náà lé ní 37,000; kò sí orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ tó tiwa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, wọ́n gbé òkú ọ̀dọ́bìnrin 26 gúnlẹ̀ sí Salerno, tí kò jìnnà sí etíkun Amalfi níbi tí àwọn olówó ayé ti ń gbafẹ́. Ìgbàgbọ́ ni pé ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ wọn. Ọjọ́ 17 oṣù náà ni wọ́n sin wọ́n, a kò sì mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ilé wọn bá ń bọ òkú ọ̀run, orúkọ wo ni wọn yóò pè, ojú oórì wo ni wọn yóò fi obì sí?

Àwọn kan nínú irú àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀, ojúbọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú wọn búra, tí wọ́n gé irun àti èékánná wọn, kí wọ́n má baà sá fún gbèsè. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì pe àwọn olójúbọ jọ ní ìlú Benin, ó tú ìbúra náà, ó sì gégùn-ún fún ẹni tó bá tún ṣe é. Mo ti gbọ́ tí àwọn awo ilẹ̀ wa ń sọ pé ọ̀rọ̀ Ẹdó nìyẹn. Àwọn mìíràn ní bí a bá sọ ọ́ síta, àwọn oníwàásù yóò rí ohun fi bú wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú wa. Èébú kì í rì sínú òkun.

Àwíjàre kan tún wà tí awo nìkan lè mọ̀ ọ́n wí: pé owó ni oníbéèrè bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe awo. Òótọ́ ni, nígbà tí a fẹ́ gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí odù bá ti hù, tí a ti kì í, tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹbọ, ta ni kò tíì mọ ohun tí ẹni náà bá wá? Mo fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ awo ní Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo pinnu, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ, Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, pé a kò ní rú ẹbọ ìrìn àjò fún ẹni tí a kò bi ní ọ̀nà tí yóò gbà, a kò sì ní mú arìnrìn-àjò kankan búra fún ẹni tó fẹ́ kó o lọ.

Èmi náà kò mọ́. Ní ọdún 2016, mo rú ẹbọ ọ̀nà fún ọmọkùnrin kan láti abúlé kan nítòsí wa. Mo gba ewúrẹ́, mo gba owó, mo súre. N kò béèrè ọ̀nà. Ó pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti Sabha ní Líbíà. Títí di òní, bí ọjọ́ Ifá bá pé, ìyá náà á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, á bá owó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, á sì gbé e kalẹ̀. Mo máa ń dá a padà fún un.

Ti ọmọ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo kọ ẹbọ náà. Ìyá rẹ̀ bínú, ó ní ìwé ti kà mí lórí jù. Wọ́n ti fa ewúrẹ́ wọn lọ sọ́dọ̀ awo mìíràn. Ẹ̀yin awo náà, bí ẹ bá ń ka èyí, Agadez ni ó fẹ́ gbà.