Ìgbà Ìdánwò Gbọ́dọ̀ Ní Òpin

Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ni a fẹ́ sọ, èyíinì ni ìgbà ìdánwò tí àwọn ọ̀gá ń pè ní "probation".

A kò sọ pé kí ọ̀gá má dán ènìyàn wò. Ta ni yóò fa lọ́rì lé awakọ̀ tí kò mọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́? Ọ̀nà tó ti Ìlọrin bọ̀, ní Àjàṣẹ́-Ìpo wa níbí ni ó ti yà, ọ̀kan sí Ọ̀ffà, èkejì sí Ọ̀mù-Àrán. Ẹni tí yóò gbé ẹrù gba ibẹ̀ lóru, ó yẹ kí a ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Ìdánwò tí kò lọ́jọ́ ni a ń bá ọ̀gá jà sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá wa. Ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ gbà á sí ìdí ẹ̀rọ, wọ́n ní oṣù 6 ni ìdánwò. Nígbà tí ó pé, wọ́n ní kí ó fi oṣù 6 mìíràn lé e. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí ó ṣe tí kò dára. Ní oṣù kọkànlá, fọ́máànù sọ fún un nírọ̀lẹ́ pé kí ó má wá lọ́la. Ẹ kíyè sí oṣù kọkànlá yẹn! Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 18, sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣe oṣù 12 láìdáwọ́dúró yóò gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ pípé. Àwa náà kì í ṣe ọmọdé.

Òfin yìí kò dá iye oṣù fún ìdánwò, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ti ń rí àyè. Ṣùgbọ́n oṣù 3 ni ó fi ṣe ààlà. Abala 7 ní kí oṣù 3 má kọjá kí òṣìṣẹ́ tó gba ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Abala 11 ní ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ, ọjọ́ 1 ni kí wọ́n fi kìlọ̀ fún un. Ẹni tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1, kí ó sì wà nínú ìwé. Kò yọ ẹni tó wà lábẹ́ ìdánwò sílẹ̀. Wọ́n jẹ ọmọkùnrin yẹn ní ọ̀sẹ̀ kan, a sì ti bá a kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá a máa sọ pé ìjọba pàápàá ń fi ọdún 2 dán òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọdún 2 náà wà nínú ìwé, tọ̀tún-tòsì ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí a fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì gan-an mọ ọdún tí yóò gba fírídọ́ọ̀mù.

Ohun tí a ó gbé síwájú ọ̀gá nìyí: oṣù 3 fún ìdí ẹ̀rọ, kí a kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Àwọn kan nínú wa ní oṣù 3 kéré fún awakọ̀, pé ẹni tó wakọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀rùn lè ṣubú lójò. Ọ̀rọ̀ gidi ni, a gbà kí tiwọn jẹ́ 6. Bí ọjọ́ bá pé tí ọ̀gá dákẹ́, kí a ka onítọ̀hún sí ẹni tí wọ́n ti kọnfáàmù.

Ẹ̀rọ tó ń gé ènìyàn níka kì í bi í bóyá wọ́n ti kọnfáàmù rẹ̀. Òfin 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún ìjàǹbá ibi iṣẹ́ ka òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ pàápàá kún òṣìṣẹ́. Abala 9 Òfin Iṣẹ́ sì kọ̀ ọ́ pé kí ọ̀gá fi àìwọ ẹgbẹ́ ṣe àdéhùn ìgbanisíṣẹ́. Nítorí náà kí ẹni tuntun má bẹ̀rù láti gba káàdì. Ẹni tó bá sì ti ju oṣù 3 lọ tí kò ní lẹ́tà kankan, kí ó kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó tọ́jú ìwé owó oṣù rẹ̀, kí ó wá rí wa.