Kí A Tó Ra Kọ́ńpírẹ́sọ̀, Kí A Kọ́kọ́ Wádìí

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń ná ọ̀nà Ara sí Ẹdẹ àti Òṣogbo, ohun kan wà tí ó ń jẹ owó wa. Bí éésì ọkọ̀ àtijọ́ bá kọ̀ tí kò tutù, ohun tí a kọ́kọ́ ń gbọ́ ni pé, “Gáàsì ti tán.” Bí a bá rọ gáàsì tán tí kò yí padà, wọn a ní kọ́ńpírẹ́sọ̀ ni. Owó iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ni yóò bá a lọ? Ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò sì ní torí èyí fi owó tirẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́.

Éésì tí ó ń dá ara rẹ̀ darí, irú èyí tí ó wà nínú àwọn Benz àtijọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gáàsì nìkan. Awakọ̀ yóò yan ìwọ̀n tí ó fẹ́, bíi 22. Sẹ́nsọ̀ kékeré kan ni ó ń ròyìn bí inú ọkọ̀ ti gbóná tó. Bí ìròyìn yìí bá jẹ́ irọ́, àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò pa kò lè tọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí wáyà sẹ́nsọ̀ bá já, ẹ̀rọ yóò gbà pé òtútù ńlá ni, yóò sì máa da ooru sí awakọ̀ lára nínú oòrùn oṣù Kejì.

Nínú Benz V-Boot, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní 1984, ohun tí ó ń dí ọ̀nà omi gbígbóná máa ń ṣí sílẹ̀ bí iná kò bá dé ibẹ̀. Ó lè dára fún ilẹ̀ olótùútù. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, fíùsì kan tí ó jó lè sọ inú ọkọ̀ di ààrò.

Bí a ó ti wádìí nìyí. Èkíní, ẹ fọwọ́ kan páìpù éésì tí ó nípọn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣọ́ra fún bẹ́líìtì. Bí ó bá tutù tí inú ọkọ̀ sì ń gbóná, gáàsì àti kọ́ńpírẹ́sọ̀ kò jẹ̀bi. Èkejì, ẹ yẹ fíùsì wò. Ẹ̀kẹta, ẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú sẹ́nsọ̀, kí rìwáyà fi mítà wo wáyà rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ fún rọ́bà omi gbígbóná tí ó wọ inú ọkọ̀ pa, kí ẹ tó tan án padà. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, ọwọ́ ti ba olè.

Gáàsì kì í tán bí epo. Bí ó bá dín, ibì kan ń jò. Ẹ dí i kí ẹ tó rọ òmíràn. R-12 tí ó wà nínú ọkọ̀ ìgbà náà ni àdéhùn Montreal ti 1987 fòpin sí, nítorí ó ń ba ohun tí ó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́. Ẹ má ṣe da R-134a pọ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Àwa awakọ̀ kì í fẹ́ sanwó fún ìwádìí. Ohun tuntun tí a fojú rí nìkan ni a ń sanwó fún. Nítorí náà ni mẹkáníìkì ṣe ń ta ẹ̀yà fún wa. Ẹni tí ó fi wákàtí kan wá ìdí àrùn ti ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ bíi tiwa sì ni.

Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí mítà ara ẹ̀rọ bá purọ́, òṣìṣẹ́ tí ó dúró tì í ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ̀ka wa ra mítà kan fún ìlò gbogbo wa, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ kọ́ ọ, kí a san owó ìwádìí, kí awakọ̀ má sì ra ẹ̀yà kankan láìjẹ́ pé wọ́n fi àbùkù ti àtijọ́ hàn án.